Fàthíà Oníbúlọ́ọ̀kù

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Fàthíà ọmọ Àlájì Hàkíìmù ará Ìsẹ̀ ṣe di ìyàwó Adéyínká, nítorí oríṣiríṣi ni àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń sọ, àsọdùn sì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó fi oògùn mú ọkùnrin náà ni. Àwọn kan ní agbára ló fi mú un, pé ó gbé e lé èjìká bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ń gbé Àkúrẹ́ tipẹ́tipẹ́ di ẹrù wọn, wọ́n ń bọ̀ nílé, ìgbà tí wọ́n dé Adó ni wọ́n tó rí i pé yàrá kò tó. Ẹni tí kò ríbi gbà ní Adó á yà sí Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ baba á fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Lójoojúmọ́ ni típà ń da yanrìn. Búlọ́ọ̀kù kì í gbẹ tán kí wọ́n tó wá kó o.

Lọ́nà Adó, níbi tí ilé ti ń dín kù, ni Fàthíà ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní àwọn ọkùnrin tó ń bá a po sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀, òun náà á wọ ṣòkòtò sábẹ́ yẹ̀rì, á so híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, á gbé búlọ́ọ̀kù kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, á sì máa rìn bí ẹni gbé ìwé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ọmọ ilé ire ni. Bàbá rẹ̀ ń ta obì ní Ìsẹ̀, iwájú ló máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tó lè nàka àbùkù sí i. Fàthíà wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tó lóyún fún ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kàwé. Kí oyún náà tó yọ síta, àwọn òbí ọmọkùnrin náà ti fi í ránṣẹ́ sí Kàdúná. Àlájì Hàkíìmù kò pariwo. Ó kó aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Má jẹ̀ẹ́ kí n dé láti mọ́ṣáláṣí kí n bá ọ nínú ulé yìí.” Sàdíátù, ìyá Fàthíà, dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bánjọ, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìkẹ́rẹ́, ló fún un ní yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé àti iṣẹ́ omi pípọn. Tòun ti oyún ló ń pọnmi. Ó bí ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Ṣàkírù. Ọmọ náà ti ń di nǹkan mú dìde nígbà tí ibà kan kì í mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti parí. Bàbá Bánjọ tó jẹ́ ọmọ ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ pe lèmọ́mù wá, wọ́n sin ín ní itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí.

Fàthíà kò sunkún. Ó padà sílé, ó fọ aṣọ ọmọ náà, ó sá a, nígbà tó gbẹ, ó ká a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé páànù, ó lọ pọnmi. Àwọn obìnrin àdúgbò ń retí kí ó ké. Òun náà ń retí rẹ̀. Kò wá. Ó dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tí ó fi kú: o mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o lè fi tẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bíi ti ẹlòmíràn ni.

Ohun tó gbà á ni eré sísá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó kírun àsùbáà tán, ó jáde sí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ rìn, sísá ló fẹ́ máa sá. Ó sá dé ìdí òkè Olósùnta, àyà ń ta á, ọ̀fun rẹ̀ ń gbóná bí ẹni mu omi ata. Ó dúró, ó di eékún rẹ̀ mú, ó rí i pé òun ń mọ nǹkan lára. Láti ìgbà náà, kò fi àárọ̀ kan ṣeré. Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára, àwọn ọ̀dọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì á máa kí i láti ojú fèrèsé: “Àǹtí, ẹ máa sá o!”

Ara rẹ̀ le. Ó kúrò nídìí omi, ó bọ́ sídìí ṣọ́bìrì. Ó kúrò nídìí ṣọ́bìrì, ó bọ́ sídìí mọ́ọ̀dù, irin tí wọ́n fi ń mọ búlọ́ọ̀kù. Bàbá Bánjọ wò ó títí, ó ní, pẹ̀lú ẹnu Ìkẹ́rẹ́ rẹ̀, “Uṣẹ́ loògùn ùṣẹ́, ọmọ mi. Lọ rí ibi tìrẹ.” Ó ya á ní mọ́ọ̀dù kan. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

*

Adéyínká wá ra búlọ́ọ̀kù ni. Iléeṣẹ́ ìjọba ní Adó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún díẹ̀, ó sì ti yọkùn bí àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ṣe máa ń yọkùn.

“Ẹ kúuṣẹ́ o,” ni ó wí. “Ọ̀gá ibí ńkọ́?”

“Èmi nìyí.”

“Mo ní ọ̀gá wọn.”

“Mo gbọ́ yín. Èmi ni.” Fàthíà fọwọ́ nu ìdọ̀tí lára yẹ̀rì. “Kí lẹ fẹ́ kọ́?”

“Ilé ìyá mi. Bàbá wa ti kú. Tíṣà ni ìyá mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì, wọ́n ní àwọn kò ní kú sí ilé àyágbé.”

“Ẹ jókòó.”

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, kò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìbá rán bíríkìlà níṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra rẹ̀. Ó wá wo bóyá búlọ́ọ̀kù ti gbẹ. Ó wá sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ṣé ìwọ ni mo rí láàárọ̀ yìí tí o ń sáré nísàlẹ̀ Olósùnta?”

“Èmi ni.”

“Ta ló ń lé ọ?”

“Kò sẹ́ni.”

“Èmi náà á wá sá.”

Ó wá lóòótọ́, ó wọ bàtà kánfáàsì tuntun. Wọn kò tíì kọjá ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tó bi gbogbo ẹ̀kọ tó mu. Fàthíà dúró tì í. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì káàánú. Ó kàn ní, “Ẹ máa fi imú mí. Ẹ má fi ẹnu mí.” Lẹ́yìn náà ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó rò pé kò ní padà wá mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ọkùnrin náà lórí títì, tó ń dúró dè é, ojú rẹ̀ wú.

Oṣù gorí oṣù. Ikùn Adéyínká wọlé. Ilé ìyá rẹ̀ ga dé ojú fèrèsé. Wọ́n máa ń sá lọ, wọ́n á rìn bọ̀, Adéyínká ni ó sì máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ó ń sọ nípa ọ̀gá rẹ̀ tó ń sùn nídìí tábìlì, nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Fàthíà á gbọ́. Bí ó bá bi í ní ìbéèrè, á dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fàthíà ń bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù tuntun, Adéyínká jókòó lórí èyí tó ti gbẹ. Ó ní, “Fàthíà, mo fẹ́ fẹ́ ọ.”

Kò dá omi dúró. “Ẹ gbọ́ ná, Bọ̀ọ̀dá Yínká. Mo ti bímọ rí.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ó kú.”

“Mo gbọ́ ìyẹn náà. Ìkẹ́rẹ́ la wà.”

“Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó kù. N ò ní nǹkan kan nínú. Bí ẹ bá wá, mo mọ̀ pé ẹ wá. Bí ẹ bá lọ, mo mọ̀ pé ẹ lọ. Ibi tó mọ nìyẹn. Obìnrin tí inú rẹ̀ á máa dùn bó bá rí yín ló yẹ yín.”

Adéyínká ní, “Ṣé o kórìíra mi ni?”

“Rárá o.”

“Bí mo bá ń bọ̀, ṣé o kì í wọ̀nà?”

Fàthíà ronú sí i dáadáa, nítorí kò fẹ́ purọ́ fún un. “Mo máa ń wọ̀nà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n mo máa ń wọ̀nà fún típà náà.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fàthíà ń wò ó. Kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

“Mi ò kánjú,” ni Adéyínká wí nígbà tó mí. “Jẹ́ kí n máa bá típà dúpò títí.”

*

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi gbọ́. Ìyá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, dígí lójú, ohùn rẹ̀ sì le gbangba bí ẹni tó ṣì wà níwájú kíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sí ibi iṣẹ́ Fàthíà. Fàthíà kúnlẹ̀ kí i, ó wá àga fún un. Ìyá Tíṣà wo àga náà, ó fi aṣọ nù ún, ó jókòó.

“Ìwọ lo mọ búlọ́ọ̀kù ilé mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù rẹ dáa. Èmi náà rí i pé ó dáa. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́ ni mo bá wá. Mùsùlùmí lo jẹ́, ọmọ ìjọ ni wá. Ìyẹn le, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí rẹ̀ kú. O kò kàwé dé ibi tí ọmọ mi kà á dé. Ìyẹn náà, mo lè gbé e mì. Ṣé lóòótọ́ ni o bímọ rí?”

“Lóòótọ́ ni, mà. Ṣàkírù lórúkọ rẹ̀. Ibà ló pa á. Kò tíì máa rìn.”

Ìyá Tíṣà tẹjú mọ́ ọn. “Wò ó bí o ti ń sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ iye owó sìmẹ́ńtì.”

Fàthíà mú páànù tó wà nílẹ̀.

“Wọ́n sọ fún mi pé o kò sunkún. Mo ní irọ́ ni, kò sí ìyá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí mo ti fojú rí ọ.” Ó dìde. “Ọmọ mi, n kò bú ọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kú, tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀, bí ohun kan bá ṣe ọmọ tèmi, kí ni yóò ṣe?”

Ó lọ. Fàthíà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú páànù lọ́wọ́. Ó ní kí òun bínú. Ìbínú kò wá. Ó ní kí ó dun òun. Kò dùn ún. Ohun tó ń yí lórí rẹ̀ ni ìbéèrè obìnrin náà, nítorí òun gan-an kò mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú ni Àǹtí Ọmọ́bọ́lá, àbúrò bàbá Adéyínká, tó ń ta ìpápánu àti ọṣẹ nítòsí ààfin. Ó sanra, ó lẹ́nu, ó sì ti ṣe alárinà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Ó ní, “Ẹ fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Bó bá di ọjọ́ tí a bá gbé iṣu kalẹ̀, á wá. Ilé bàbá ọmọ ni ká kọ́kọ́ lọ.” Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó ti Fàthíà.

“Wọ́n gbà mí ní àlejò, wọ́n fún mi lómi. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Bàbá rẹ ní ẹni tí òun bí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, òun kò mọ ibi tó wà. Wọ́n ní bí òun bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun kò bí ọmọ fún ilé onígbàgbọ́.” Ó gbá ọwọ́ Fàthíà mú. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́.”

“Kò dùn mí, Àǹtí.”

Ọmọ́bọ́lá rò pé ìgboyà ni.

*

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, iléeṣẹ́ gbé Adéyínká lọ ṣiṣẹ́ ní Òmùò, lọ́hùn-ún ní ìhà tí Èkìtì ti bá Kogí pààlà. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Epo mọ́tò wọ́n, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

Fàthíà kò wádìí. Ó ń sá eré rẹ̀ láàárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì ń gbòòrò, ó ti ń wo ilẹ̀ kan lọ́nà Èmùré tó fẹ́ gbà kún ti tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ṣáà ti wí. Bó bá wá, mo mọ̀ pé ó wá. Bó bá lọ, mo mọ̀ pé ó lọ.

Lẹ́yìn náà ni búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Oníbàárà kan dá tirẹ̀ padà, ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò nínú ọkọ̀ ló ń ṣẹ́ sí méjì. Fàthíà ní yanrìn ni kò dáa, ó pààrọ̀ yanrìn. Ó ṣì ń fọ́. Ó lé òṣìṣẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, ó po ó fúnra rẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú jù. Láàárọ̀, ó jáde lọ sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lọ́nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi gọ́tà tí Adéyínká ti bì lọ́jọ́ kìíní, kò sì lọ mọ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ náà kàn kọ̀.

Bàbá Bánjọ wá wo búlọ́ọ̀kù tó fọ́. Ó fọwọ́ rún un, ó di ìyẹ̀pẹ̀. Ó bi í, “Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?”

Fàthíà ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó wọ mọ́tò ní Ìkẹ́rẹ́, ó sọ̀ ní Adó, ó wọ òmíràn tó gba Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò. Ọ̀nà náà jìn, kòtò pọ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ń bi ara rẹ̀ pé kí ni mo fẹ́ lọ sọ, kò sì rí nǹkan kan. Bí ó bá ti rí ẹlòmíràn ńkọ́? Bí ó bá ní kí ló dé ńkọ́? Ó tó ìgbà mélòó kan tó fẹ́ sọ fún awakọ̀ pé kó já òun sílẹ̀. Kò sọ ọ́.

Wọ́n júwe ilé tí Adéyínká gbà fún un. Ọkùnrin náà jókòó síta, ó ń fọ aṣọ. Ó ti gbẹ, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Nígbà tó rí i, ó dìde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́.

“Fàthíà! Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Búlọ́ọ̀kù mi ló ń fọ́,” ni Fàthíà wí.

Adéyínká wò ó. “Mi ò mọ nǹkan kan nípa búlọ́ọ̀kù. O mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo pààrọ̀ yanrìn. Mo fi kún sìmẹ́ńtì. Kò gbọ́. Ìgbà tí ẹ kò wá mọ́ ló bẹ̀rẹ̀.” Ó mí. “Ẹsẹ̀ mi náà kò sáré mọ́. N kò mọ ohun tó ń jẹ́. Mo ní kí n wá sọ fún yín.”

Ọkùnrin náà ju aṣọ sínú omi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. “Ìyá mi ní kí n yan ọ̀kan, ìwọ tàbí àwọn. Mo ní mo ti yàn ọ́, wọ́n bá mi yan odì. Mo wá jókòó síbí, mo ro ó pé, ta ni mo ń jà fún gan-an? O kò sọ fún mi rí pé kí n máa bọ̀. Mo ní bí mo bá dúró, bóyá wàá ránṣẹ́ sí mi.”

“Ẹ máa bọ̀,” ni Fàthíà wí.

“Kí lo wí?”

“Mo ní kí ẹ máa bọ̀.”

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn kan náà tó fi ń tajà ni. Ṣùgbọ́n ó rí i pé òun ti fa aṣọ náà yọ nínú omi, òun ń fún un, ó sì yà á lẹ́nu.

*

Lẹ́yìn èyí, Fàthíà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá òun lọ sí Ìsẹ̀. Òun nìkan ló lọ.

Ilé náà kò yí padà. Àlájì Hàkíìmù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa obì, ó ń ju èyí tí kòkòrò jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Fàthíà kúnlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Àsàlámù àléékùm, bàbá mi.”

Ọwọ́ bàbá náà dúró. “Àléékùm sàláámù.” Kò gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ jáde láti inú ilé, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀ lójú kan náà.

“Ọmọ ńkọ́?” ni bàbá bi í.

Fàthíà kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Láti gbogbo ọdún yìí, wọ́n jókòó sí Ìsẹ̀, wọ́n ń fi ọkàn rò ó pé ọmọ kan ń dàgbà níbì kan.

“Ó kú, bàbá mi. Ó ti pẹ́. Ibà ni.”

Sàdíátù bo ẹnu rẹ̀. Àlájì Hàkíìmù mú obì kan, ó yí i lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀. “Ọkùnrin ni?”

“Ọkùnrin ni. Ṣàkírù.”

“Ta ló kírun sí i lára?”

“Lèmọ́mù ni, ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló lọ pè wọ́n wá.”

“Mùsùlùmí ni bàbá náà?”

“Rárá o. Ọmọ ìjọ ni.”

Bàbá náà dìde, ó fọwọ́ ti ògiri. Ó mú ife omi, ó ṣe àlùwàlá, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ó ń gbàdúrà, ohùn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó sì já. Sàdíátù wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń pa ibi tí búlọ́ọ̀kù ti sọ di líle. Fàthíà ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní nǹkan nínú. Ó dúró dè é. Ibi tí ìyá rẹ̀ dì mú ń móoru, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àlájì Hàkíìmù jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Onígbàgbọ́ ló bá mi sin ọmọ ọmọ mi. Èmi wà níbí, mo ń ta obì.” Ó jókòó. “Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ ní kí o fi ìrun kíkí sílẹ̀.”

“Wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀, bàbá mi.”

“Ó dáa.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì rẹ̀ padà. “Sàdíátù, wá nǹkan fún ọmọ yìí jẹ.”

Ọjọ́ ìdána, Ọmọ́bọ́lá ló ṣáájú, ó ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe gbogbo ètò. Gẹ́gẹ́ bó ti wí, Ìyá Tíṣà wá. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Nígbà tó kan ìgbà tí bàbá máa gbọ́wọ́ lé ìyàwó lórí kí ó súre fún un, gbogbo obìnrin tọ́jú gèlè láti fi nu ojú, nítorí ibẹ̀ ni ìyàwó ti máa ń sunkún. Ohùn Àlájì Hàkíìmù gbọ̀n. Sàdíátù sunkún. Ọmọ́bọ́lá sunkún kíkan. Fàthíà kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé Ìyá Tíṣà ń wo òun láti inú dígí rẹ̀.

*

Wọ́n ti dá Adéyínká padà sí Adó nígbà náà. Apá kan ilé tí Fàthíà mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, Ìyá Tíṣà ń gbé apá kejì. Kò sí ìjà. Fàthíà á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, Ìyá Tíṣà á dáhùn. Fàthíà á gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́, á ní ó ṣeun. Adéyínká ní ilé náà dà bí ilé ìwòsàn, gbogbo ènìyàn ń rọra rìn. Ó sọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kó tó wọlé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ní ọ̀sán kan, òjò rọ̀ débi pé kò sí búlọ́ọ̀kù tí ènìyàn lè mọ. Fàthíà tètè dé. Ìyá Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń pa ẹ̀gúsí. Fàthíà wọ́ àpótí, ó jókòó tì í, ó bu díẹ̀ sórí àwo, òun náà ń pa á. Òjò ń dún lórí páànù. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń pa á báyìí.

“Báwo ló ṣe rí?” ni Ìyá Tíṣà wí. Ojú rẹ̀ wà lórí ẹ̀gúsí.

“Kí ni, mà?”

“Ọmọ náà. Ṣàkírù.”

Ọwọ́ Fàthíà dúró. Wọ́n ti bi í pé ṣé ó bímọ. Wọ́n ti bi í pé kí ló pa á, pé ta ló sin ín, pé kí ló dé tí kò sunkún. Kò sẹ́ni tó bi í ní èyí rí.

“Ó pupa,” ni ó wí. “Nígbà tí mo bí i, ó pupa, mo rò pé kò ní dúdú mọ́. Ó dúdú nígbà tó yá.”

“Ẹn-ẹ́n.”

“Orí rẹ̀ tóbi. Bàbá Bánjọ ń pè é ní olórí àwo. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á rò pé wọ́n ń yìn ín.”

Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan. “Ṣé ó máa ń sùn?”

“Kì í sùn, mà! Àfi bó bá di etí mi mú. Etí ọ̀tún. Bí mo bá yí ojú padà, tó di ti òsì, á jí, á sunkún, á ní kí n yí i padà. Mo máa ń...”

Ó fẹ́ máa bá a lọ. Ohùn kò jáde. Ó pa ẹ̀gúsí kan, ó tún pa òmíràn, ó wá rí i pé èèpo ni òun ń jù sínú àwo.

Ìyá Tíṣà kò sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́. Kò fọwọ́ kàn án. Ó mú ẹ̀gúsí kan, ó pa á, ó jù ú sínú àwo. “Mò ń gbọ́,” ni ó wí.

Fàthíà sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń so, ó ń já.

Bí wọ́n ti wà nìyẹn nígbà tí Adéyínká dé láti Adó, òjò ti rin ín dé gìgísẹ̀. Ó ní, “Ẹ kúulé o.” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, ó gbọ́ ti ìyá rẹ̀ tó ń sọ pé, “Kí ló wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn?” Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó má baà dún, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì gbé omi iṣu kaná.